Oògùn eegun Màmá: ká máa lò ó lọ, àbí ká jáwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ káalẹ́ mà, àǹtí wa apòògùn. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Alékùwodò la ń gbé. Màmá mi ti pé 69, iṣẹ́ àdìrẹ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe. Oṣù tó kọjá wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn kán. Dókítà ní ká ya fọ́tò ẹ̀yìn wọn náà, wọ́n bá rí i pé eegun ẹ̀yìn kan ti rún wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, wọ́n tún ṣe téèsì tí wọ́n fi ń wọn eegun, -2.9 ló gbé jáde, wọ́n ní ó ti lọ sísàlẹ̀ jù. Wọ́n wá fún wọn ní alendronate 70 mg, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Màmá lo méjì, wọ́n fi tíì gbígbóná gbé e mì láàárọ̀ kùtù, wọ́n padà sùn, àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n bí ẹni gbé ata mì, wọ́n ní àwọn ò lò mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́, ẹnìkan ní àsàlátù fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn pé oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹrà, ó sì máa ń ṣẹ́ itan èèyàn sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni ká ṣe? Ṣé àléébù oògùn yìí ò pọ̀ ju àǹfààní ẹ̀ lọ báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o pè mí ní àǹtí, ìyẹn ti fún mi láyè láti bá ẹ sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ni, mi ò ní gbà kí wọ́n pa oògùn yẹn tì. Àmọ́ mi ò tún ní gbà kí wọ́n gbé hóró kẹta mì lọ́sẹ̀ yìí, ó dìgbà tá a bá mọ ìdí tí àyà fi ń ta wọ́n tá a sì yẹ nǹkan mẹ́rin kan wò. Ó máa gùn díẹ̀ o, wá nǹkan fìdí lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ àrọmọléegun kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Fìà pé "apòògùn, eegun ń dùn mí," gbogbo wa a sì kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan náà. Àrọmọléegun, oríkèé ló ń bá jà, ó ń dunni, ó ń wú, orúnkún á máa ké. Èyí tó ń ṣe Màmá, osteoporosis tí dókítà kọ sínú káàdì wọn, eegun ló ń ṣófo látinú, kì í dunni rárá, kò ní sọ nǹkan kan fún ẹ títí tó fi máa kán. Ṣé o rí eegun ẹ̀yìn tó rún yẹn? Wọ́n tiẹ̀ lè ti máa pè é ní "ẹ̀yìn ríro" látọdún tó kọjá, wọ́n á ní ìkòkò aró tí àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ lé lórí ló fà á. Wo aṣọ wọn àtijọ́, tí bùbá bá ti ń gùn jù níwájú tàbí tí ìró ń wọ́lẹ̀, gíga wọn ló ti dín kù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé oògùn tó bá jẹ́ ti ìrora, èèyàn á lò ó, ara á tù ú, òun fúnra ẹ̀ á mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Màmá ò lè mọ ìyẹn lára oògùn yìí láéláé. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí wọ́n máa rí ni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ta ló máa ń dúpẹ́ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀? Àyà tó ń ta wọ́n ńkọ́, wọ́n rí ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Kò sí bí ìyá àgbà kan ṣe máa fi ara ẹ̀ nìkan wọn oògùn yìí tí kò ní sọ pé àléébù ló pọ̀ jù. Nọ́ńbà la máa lò.

Kí n tó dé ibi nọ́ńbà, jẹ́ kí n sọ ohun tí oògùn ọ̀hún ń ṣe. Eegun kì í ṣe òkúta o. Nínú eegun èmi àti ìwọ, lébìrà wà níbẹ̀ tó ń wó ògiri àtijọ́, bíríkìlà wà níbẹ̀ tó ń mọ tuntun, tọ̀sán-tòru, wọn ò lọ sí ìsinmi. Tí obìnrin bá ti bá nǹkan oṣù dágbére, èròjà ara tó ń dá àwọn lébìrà yẹn lọ́wọ́ kọ́ á lọ sílẹ̀, ni wọ́n á bá máa wó ju bí bíríkìlà ṣe lè mọ lọ, ọdún lórí ọdún, títí ilé á fi di ilé alámọ̀ tí òjò ti lù tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́. Alendronate á wá lọ lẹ̀ mọ́ ara eegun, tí lébìrà bá bù ú jẹ, apá ẹ̀ á rọ. Wíwó á dín kù, bíríkìlà á rí ọwọ́ mú. Òun nìyẹn.

Fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rù méjì inú fídíò yẹn náà ti wá, kì í ṣe pé oògùn náà lóró kan lọ́tọ̀. Eegun itan tó ń gbé wa káàkiri máa ń là tín-ín-tìn-ìn, lébìrà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wó ibi tó là kí bíríkìlà tó tún un mọ. Tí àwọn lébìrà bá ti sùn pẹ́ jù, ọdún púpọ̀, àwọn lílà kéékèèké yẹn lè kóra jọ lára ẹnìkan, itan á ṣẹ́ láìṣubú láìgbá nǹkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó ń jẹun lójoojúmọ́, kòkòrò ẹnu wà níbẹ̀, tí wọ́n bá yọ eyín, ihò tó kù gbọ́dọ̀ tún ara ẹ̀ ṣe, tí kò bá rí i ṣe, eegun ibẹ̀ lè yọ síta kó má san bọ̀rọ̀. Torí náà ẹni tó ṣe fídíò yẹn ò parọ́. Ohun tí kò sọ ni iye èèyàn.

Ó yá, ká ka orí èèyàn. Èsì ìwádìí kan jáde ní 1996, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, obìnrin 2,027 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni eegun ẹ̀yìn wọn ti rún tẹ́lẹ̀, ìyẹn irú Màmá gan-an. Wọ́n fún àwọn kan ní alendronate, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò sí oògùn nínú ẹ̀, ọdún mẹ́ta. Ká wá sọ pé ìyá 1,000 la kó jọ sí pápá ìṣeré Òṣogbo. Tí wọn ò bá lo oògùn, 150 nínú wọn ni eegun ẹ̀yìn mìíràn máa tún rún fún kí ọdún mẹ́ta tó pé. Tí wọ́n bá lò ó, 80. Eegun ìbàdí, 22 tí wọn ò bá lò ó, 11 tí wọ́n bá lò ó.

Má tíì pàtẹ́wọ́. Nínú 1,000 tí kò lo nǹkan kan yẹn, 850 ni eegun ẹ̀yìn mìíràn ò rún fún. Nínú àwọn tó lò ó, 80 ṣì rún. Ìyẹn ni pé 70 èèyàn ni oògùn yọ ní ti eegun ẹ̀yìn, a ò sì lè nawọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ìwọ ni oògùn yọ. Ẹni tó ń ta oògùn á ní ó gé ìbàdí kíkán sí ìdajì, òótọ́ ni, 22 di 11. Ẹni tó ń bú oògùn á ní 11 péré ló yọ nínú odidi 1,000, òótọ́ nìyẹn náà. Èmi kì í bá ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì jà, mo kàn máa ń ní kí wọ́n gbé orí kalẹ̀ ká kà á.

Ó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń lo irú oògùn yìí fún eegun tó ń ṣófo, nínú 100,000 tó lò ó fún ọdún kan, bí ẹnìkan sí mẹ́wàá ni èyí máa ń ṣe. Pápá ìṣeré wa ò lè gba èrò yẹn. Ibi tí ìbẹ̀rù ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ, láti 2003 ni àwọn dókítà ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn yẹn sì ń gba zoledronate, ìbátan alendronate, 4 mg sínú iṣan lóṣooṣù tàbí kí oṣù má tiẹ̀ tíì pé, nígbà tí ẹni tó ní irú àìsàn Màmá ń gba 5 mg ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Oògùn kan náà, ìwọ̀n ò jọra rárá. Mo lè fi owó mi ta á pé ẹnu aláìsàn jẹjẹrẹ ni wọ́n fi hàn nínú fídíò yẹn, àbí mo parọ́?

Itan ni kí o fún ní ọ̀wọ̀ díẹ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ní 2020, èsì jáde láti California lórí obìnrin tó lé ní 196,000 tó ti lo irú oògùn yìí. Nínú aláwọ̀ funfun 10,000 tó lò ó fún ọdún mẹ́ta, 149 ni oògùn gbà lọ́wọ́ ìbàdí kíkán, itan irú èyí ṣẹ́ fún 2. Lára àwọn tó wá láti Éṣíà, 91 ló gbà, 8 ló ṣẹ́ fún, o rí i pé ó yàtọ̀ láti ìran sí ìran. Bí ọdún tí èèyàn fi lò ó ṣe ń pọ̀ ni ewu yẹn ń ròkè, téèyàn bá sì ti dá oògùn dúró, ewu yẹn máa ń já wálẹ̀ kíá. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í fún wọn lọ títí ayé, mo máa dé ibẹ̀. Ó sì máa ń fi àmì hàn ṣáájú lọ́pọ̀ ìgbà: ìrora kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí nínú itan tàbí abẹ́ ikùn níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀. Tí Màmá bá sọ irú ẹ̀ fún ẹ lọ́jọ́ kan, má fi róòbù pa á o, ilé ìwòsàn tààrà, kí wọ́n ya fọ́tò itan méjèèjì.

Àwọn kan á sọ fún ẹ pé àìsàn òyìnbó ni gbogbo èyí, pé eegun àwa aláwọ̀ dúdú ki ju tiwọn lọ. Lóòótọ́ ni eegun wa sábà máa ń ki jù. Àmọ́ ìyá tó kàn yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tí ọwọ́ kán, tí eegun ẹ̀yìn ti rún láìṣubú láti orí àkàsọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá lórí wọn. Eegun wọn ti dáhùn.

Àìlo oògùn náà ní àléébù tiẹ̀, wọn ò kàn tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ inú páálí ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́, orí sìmẹ́ǹtì kíṣìnì ni wọ́n ti ṣubú, ìbàdí kán. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kí wọ́n má gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn torí wọ́n á fi abẹ kàn wọ́n, wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ to eegun. Oṣù mẹ́rin lórí ẹní. Ìdí wọn dá egbò, àyà wọn kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, obìnrin tó ń fi ẹ̀rín yọ èèyàn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń bẹ ọmọ-ọmọ pé kó yí òun padà. Wọn ò rí ọdún tó tẹ̀lé e. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́, àmọ́ nínú àgbàlagbà márùn-ún tí ìbàdí wọn bá kán, bí ẹnìkan máa ń kú kí ọdún tó yípo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù kì í sì lè dá rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì òṣùwọ̀n nìyẹn nígbà tí mo ní mi ò ní jẹ́ kí ìyá mi pa oògùn tì.

Ó yá, àyà tó ń ta Màmá. Àbúrò, tíì gbígbóná kẹ̀? Wọ́n tún padà sùn kẹ̀? Hóró yẹn mú bí ásíìdì, tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun tàbí tó bá tú padà láti inú bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun, ńṣe ló máa ń jó o. Tíì náà ò jẹ́ kó wọ ara. Ká tiẹ̀ lò ó bó ṣe yẹ lórí inú òfìfo, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ wá fi tíì lé e. Ìyẹn ni pé nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn àléébù ni Màmá jẹ, àǹfààní ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò bá wọn wí o, ẹni tó ta oògùn náà fún yín ló yẹ kó jókòó ṣàlàyé, iṣẹ́ tiwa nìyẹn, a kì í ráàyè ṣe é tí èrò bá pọ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, má mú Àlàádì torí àsàlátù, ká sọ pé Àtàlátà. Kí wọ́n jí, kí wọ́n ṣe àlùwàlá, kí wọ́n kírun Àsùbáà tán PÁTÁPÁTÁ, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà torí ẹni tó bá gbé hóró yìí mì tán tó wá lọ ń tẹ̀ ba tó ń forí kanlẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń da oògùn padà sí ọ̀fun. Lẹ́yìn ìrun, kí wọ́n dìde dúró tàbí kí wọ́n jókòó gbọnrangandan, kí wọ́n fi omi lásán gbé e mì, ó kéré tán ìdajì píọ́ wọ́tà, kì í ṣe omi ẹnu kan, kì í ṣe tíì, kì í ṣe Milo, kì í ṣe omi ògì, kì í ṣe àgbo. Wọn ò gbọ́dọ̀ rún un lẹ́nu tàbí mú un lá. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko lẹ́yìn náà, kò sí oúnjẹ, kò sí oògùn mìíràn, kò sí ìdùbúlẹ̀, kò sì sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ àgbàlá o, mo mọ àwọn ìyá wa. Kí wọ́n máa ṣe àsíkírì, kí wọ́n máa gbọ́ rédíò. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tí wọ́n bá ní. Tí calcium bá wà ńbẹ̀, kó di ọ̀sán. Tí ààwẹ̀ Ràmàdánì bá dé, kí wọ́n jí ṣáájú sààrì lọ́jọ́ Àtàlátà yẹn, kí wọ́n gbé e mì, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé kí wọ́n tó jẹ sààrì. Tí wọ́n bá gbàgbé, kí wọ́n lo ẹyọ kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá rántí, kì í ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan.

Tí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tí àyà ṣì ń ta wọ́n, ó ti tán, kí wọ́n dá a dúró kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, oògùn mìíràn wà. Tí mímì bá wá ń dùn wọ́n, tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọjọ́ àpóíńtímẹ́ǹtì.

Nǹkan mẹ́rin tí mo ní ká yẹ̀ wò ńkọ́? Kíndìnrín àkọ́kọ́: téèsì ẹ̀jẹ̀ ni, tí agbára kíndìnrín bá ti wà nísàlẹ̀ 35, alendronate kì í ṣe ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì wà lára Màmá, ẹ má fojú fo èyí. Ìkejì, calcium àti fítámì D inú ẹ̀jẹ̀, torí tá a bá so àwọn lébìrà mọ́lẹ̀ tí calcium ò sì tó, tinú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á máa gún wọ́n bí abẹ́rẹ́, àwọn ìyá tó ń fi aṣọ bo gbogbo ara tí wọn kì í sì í jáde sóòrùn, èyí kàn wọ́n gan-an. Ìkẹta, eyín. Tí èyí tó ń mì tàbí tó ti jẹrà bá wà, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ eyín lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sọ fún dókítà eyín pé àwọn ń lo oògùn eegun.

Ìkẹrin ló ń bí mi nínú jù. Bèèrè lọ́wọ́ Màmá, jẹ́jẹ́ ni o, àwọn ìyá wa máa ń fi pamọ́: kí ni wọ́n ń lò sí orúnkún? Ṣé àgbo kan wà nínú ike tí wọ́n ń rà lọ́jà tó máa ń "ṣiṣẹ́ lọ́gán"? Ṣé hóró kéékèèké kan wà tí wọ́n ń dì sínú nylon fún wọn? Prednisolone àti dexamethasone ni mo ń bẹ̀rù níbẹ̀. Ó máa ń mú orúnkún rọ̀ bí idán, ó máa ń jẹ́ kí ojú kún kí oúnjẹ máa wọlé, àwọn èèyàn á ní ara Màmá ti bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ eegun ló ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Kò sí oògùn eegun tó máa bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jà kó borí tí ẹ bá ń fi ọwọ́ kejì gbé e mì lọ. Àmọ́ tó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì, ara ti gbára lé e, èèyàn lè dákú, dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Tí alendronate ò bá bá wọn lára mu, mo ní oògùn mìíràn wà. Zoledronate tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, dírípù ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, kò kan ọ̀fun rárá, fún irú Màmá òun gan-an ni mo máa kọ́kọ́ ronú sí. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá máa ń ní ibà àti ara ríro fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, parasítámọ̀ àti omi púpọ̀, á lọ, ti ọdún kejì kì í sì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kíndìnrín ni kí wọ́n rí dájú ṣáájú. Denosumab náà wà, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó dára gan-an lórí ìwé, àmọ́ mo máa ń lọ́ra láti dá a lábàá níbí àfi tí ẹbí bá dá mi lójú. Ìdí ni pé inú fìríìjì ló ń gbé, ẹ mọ bí iná ṣe rí, àti pé kò ṣe é dá dúró lásán: tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tẹ́ ẹ ò rí òmíràn gbà, àwọn lébìrà tó ti sùn á jí pẹ̀lú ìbínú, eegun ẹ̀yìn bíi méjì mẹ́ta lè rún léra wọn. Ẹni tí kò dá lójú pé òun máa rówó abẹ́rẹ́ kejì, kó má gba ìkíní, àfi tí dókítà bá ti ṣètò ohun tó máa tẹ̀lé e. Àwọn oògùn tó ń fún bíríkìlà lágbára bíi teriparatide, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́, owó ẹ̀ kọjá ẹnu.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn máa ka èyí, ẹ má tìtorí ẹ̀ sáré wá ra oògùn o. Tó bá jẹ́ pé ẹni ọdún 52 ló kọ̀wé sí mi, tí nǹkan kan ò tíì kán lára ẹ̀, tí téèsì ẹ̀ gbé -1.6, ìdáhùn mi á yàtọ̀ pátápátá. -2.5 sísàlẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé fi ṣe ààlà osteoporosis láti 1994. Nígbà tí wọ́n tún alendronate yẹn dán wò lára àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ò tíì rún, èsì 1998 fi hàn pé àwọn tí eegun wọn ti lọ sísàlẹ̀ dáadáa ni kíkán dín kù fún, àwọn tó wà lókè ààlà ò rí nǹkan gidi jẹ níbẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àyà títa ọjọ́ kan ṣoṣo ti wúwo ju èrè ẹ̀ lọ. Oògùn kan náà ni, èèyàn ló yàtọ̀.

Títí dìgbà wo la máa lò ó? Bí ọdún márùn-ún fún hóró, mẹ́ta fún dírípù, lẹ́yìn náà dókítà á tún gbogbo ẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Alendronate tó ti wọ eegun kì í tètè jáde, ọdún gbọọrọ ló ń gbé níbẹ̀, torí náà téèyàn bá dá a dúró, ààbò ẹ̀ kì í pòórá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fi wé: àwọn tó lò ó fún ọdún márùn-ún tí wọ́n dáwọ́ dúró, àti àwọn tó lò ó lọ di mẹ́wàá. Ìbàdí ò yàtọ̀, àmọ́ eegun ẹ̀yìn tó rún débi tó fi dun èèyàn jẹ́ 53 nínú 1,000 lára àwọn tó dáwọ́ dúró, 24 lára àwọn tó ń bá a lọ. Torí náà ẹni tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ti rún tẹ́lẹ̀ bíi Màmá, wọ́n lè ní kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú.

Balùwẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tún na kọ́bọ̀ lórí oògùn: táìsì tó ń yọ̀, ẹ fi máàtì onírọ́bà síbẹ̀, ẹ kan irin tí wọ́n lè dì mú mọ́ ògiri, kí iná kékeré kan wà lójú ọ̀nà lóru, sálúbàtà tó ti jẹ tán ẹ jù ú nù. Kí wọ́n yẹ ojú wọn wò. Oúnjẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: wàrà, ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegun-teegun, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà. Kí wọ́n sì máa rìn, láti ilé dé ojú títì àti padà, lójoojúmọ́, kí oòrùn àárọ̀ kàn wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà lọ rí dókítà eegun, yálà ní UNIOSUN Teaching Hospital níbí tàbí ibi tẹ́ ẹ ti lọ tẹ́lẹ̀, kó gbogbo oògùn Màmá sínú nylon kan, àgbo náà, ìpara náà, má ṣẹ́ ọ̀kankan kù. Sọ fún wọn bí wọ́n ṣe lò ó pẹ̀lú tíì, kí wọ́n má baà kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn ò bá wọn lára mu nígbà tí wọn ò tíì lò ó bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan. Kí o sì jẹ́ kí Màmá fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ gbogbo nọ́ńbà yìí tán tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ síbẹ̀, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ara wọn ni, má fi tipátipá gbé e sí wọn lẹ́nu.

Hóró méjì tó kù nínú páálí yẹn, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fún ìyá àdúgbò kankan. Ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí oòrùn ò dé títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa rí dókítà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa bá a lọ, Àtàlátà tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn Àsùbáà, ìdajì píọ́ wọ́tà.